Adé Tí Kò Bojú

Nínú gbogbo adé tí Yorùbá ń dé, àkòró ni mo fẹ́ràn jù. Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Ta ní ń fi adé ńlá sílẹ̀, adé tó ga ṣoṣoro, tí ẹyẹ bà lé góńgó rẹ̀, tí ìbòjú rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ dé àyà, tó wá ń yin adé kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí fìlà? Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi ná.

Àkòró ni adé tí kò ní ìbòjú. Ìlẹ̀kẹ̀ lè bo gbogbo ara rẹ̀, ó lè ní ojú ènìyàn kan tàbí ẹyẹ kan ṣoṣo níwájú, ó sì lè jẹ́ aṣọ àrán lásán tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà sí létí. Bó ti wù kó lẹ́wà tó, ojú ẹni tó dé e hàn gbangba. Àwọn ọba ńlá pàápàá ń lò ó. Orí ọba kì í ṣófo níta, nítorí náà, lọ́jọ́ tí kò sí ọdún, tí kò sí ètùtù, àkòró tàbí oríkògbófo ni kábíyèsí ń dé gba àlejò. Adé ńlá ní ọjọ́ tirẹ̀. Adé Àárẹ̀ ti Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ọọ̀ni ń gbé e lérí, nígbà ọdún Ọlọ́jọ́. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọba kéékèèké, àti àwọn baálẹ̀ tí ọba tó jù wọ́n lọ fún láṣẹ, àkòró ni ibi tí ọ̀rọ̀ adé wọn parí sí. Ibẹ̀ náà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Baálẹ̀ ni bàbá tó bí ìyá mi, ní abúlé kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣẹ́jú nínú ọkọ̀ ti kọjá rẹ̀. Inú páànù bísíkíìtì ńlá kan ni àkòró rẹ̀ ń gbé. Wọ́n á fi aṣọ funfun wé e, wọ́n á ju káńfọ̀ sí i kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Pupa ni ìdí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti búlúù ni wọ́n fi ya ojú kan síwájú, ojú náà sì là sílẹ̀ ràngàndàn bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ìlẹ̀kẹ̀ ti já dànù níbì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, aṣọ abẹ́ rẹ̀ sì ti ṣá. Lọ́jọ́ ọdún, Bàbá á dé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará abúlé á máa wọlé wá kí i, wọ́n á ní kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì pè é ní Kábíyèsí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bá a wí: "Kábíyèsí ń bẹ nílùú. Baálẹ̀ lèmi."

Bí wọ́n bá ń lọ kí ọba nílùú, á dé àkòró náà kúrò nílé, á dé e jókòó nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu géètì ààfin, á ṣí i, á gbé e fún ọmọ tó tẹ̀lé e, á sì wọlé pẹ̀lú orí lásán lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà mìíràn, èmi ni ọmọ tí ń gbé e dání. Mo máa ń wojú rẹ̀ nígbà tó bá ń gbé e lé mi lọ́wọ́, bóyá mo máa rí ìtìjú díẹ̀ níbẹ̀. N kò rí i. Tó bá jáde, á gbà á lọ́wọ́ mi, á fẹnu fẹ́ eruku ara rẹ̀ fùú, á dé e padà, ohùn rẹ̀ á sì tún le sí awakọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún adé tí ẹni tó dé e mọ ibi tó yẹ kó ti ṣí i.

Àwọn kan gbà pé ìbòjú ló ń sọ adé di adé. Kí wọ́n lọ wo àwọn orí idẹ Ifẹ̀. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n kan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti 1939. Ẹ wo adé orí rẹ̀ dáadáa: ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ yí orí ká, òdòdó ribiti kan ní iwájú gangan, àti ìyẹ́ kan tó nà ró láti àárín òdòdó náà. Ọ̀dà pupa àti dúdú ṣì kù lára rẹ̀ títí di òní. Lábẹ́ adé yìí, ojú ọkùnrin náà hàn ketekete, pẹ̀lú ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba iwájú orí wá sí àgbọ̀n. Lára àwọn orí náà, àwọn kan ní ihò wẹ́wẹ́ lẹ́bàá ẹnu, àwọn onímọ̀ kan sì rò pé bóyá ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n so rọ̀ síbẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ère ọba tí wọ́n hú jáde ní Ìta Yemòó ní 1957 dúró láti orí dé ẹsẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn àti àyà rẹ̀, adé wà lórí, ojú rẹ̀ sì wà níta. Ní tèmi, adé tó dàgbà jù lọ tí a lè fojú rí, àkòró ni ó jọ.

Ẹ má sì rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ló wọ́n àwọn ará Ifẹ̀. Ní Ìgbó Olókun, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, wọ́n rí ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ díńgí, wọ́n sì fi hàn pé àwọn baba wa ló ń pò ó fúnra wọn kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà etíkun wa. Ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní tó kún ara adé ńlá òde òní ni ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Yúróòpù lọ́pọ̀ yanturu, pàápàá láàárín 1800 sí 1900. Adé ga sí i, àwọ̀ pọ̀ sí i, àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sì rí ààyè tó láti ya ẹyẹ, erin àti ẹlẹ́ṣin sára rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pa tí mo fẹ́ràn gan-an. Odùduwà fọ́ lójú, wọ́n ní omi òkun ló lè là á. Ajíbógun ọmọ rẹ̀ ló lọ bu omi náà wá, ìdí tí wọ́n fi ń pe Ọwá, ọba Ìjẹ̀ṣà, ní Obòkun nìyẹn. Kó tó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán. Bàbá fún un ní idà. Níbi tí inú ti ń bí i, ó ju idà náà, ó sì gé lára ìbòjú adé orí bàbá rẹ̀. Odùduwà wá ní adé náà di tirẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dé adé tí ìbòjú bo iwájú rẹ̀ láéláé. Ẹ wá wò ó: ọba tí ìran rẹ̀ gba idà, tí jagunjagun ilẹ̀ rẹ̀ bá Ìbàdàn jagun Kírìjì fún ọdún púpọ̀, ojú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ pamọ́ lábẹ́ adé. Ta ni yóò sọ pé Ọwá kéré?

Kàkà ká ka àìsí ìbòjú sí ìtìjú fún ẹni tó dé adé, ẹni tó fi adé lé e lórí ló yẹ ká máa bèèrè. Àwọn àgbà mọ èyí dáadáa. Ní Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, ọwọ́ Ìyá Kéré ni adé Aláàfin máa ń wà. Òun ló ń gbé e lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè, bí ọba bá sì ṣẹ̀ ẹ́, ó lè kọ̀ láti gbé ohun ọ̀ṣọ́ ọba jáde lọ́jọ́ ọdún. Ọba tó láṣẹ lórí ikú àti ìyè, obìnrin kan wà tó lè ní kó jókòó sílé. Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, kò dé adé rárá. Òjíjíkò ni tirẹ̀, fìlà ìyẹ́ ìdí ayékòótọ́ pupa tó ní ìrù gígùn lẹ́yìn tó gùn dé ìbàdí, wọ́n sì ń bẹ̀rù òjíjíkò ju adé ọ̀pọ̀ ọba lọ. Àwọn ìjòyè onífìlà funfun Èkó, Ìdéjọ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, fìlà lásán ni wọ́n ń dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá fìlà náà lágbára, kó lọ ra ilẹ̀ ní Èkó láìbi wọ́n.

Ní 1903, ẹjọ́ adé kan dé iwájú Gómìnà William MacGregor ní Èkó. Ẹlẹ́pẹ́ ti Ẹ̀pẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ dé adé, Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára Gómìnà, ó ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe kó wá là á. Ọọ̀ni gbéra, ó lọ sí Èkó fúnra rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Wọ́n ní àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá kan jáde kúrò láàfin wọn títí Ọọ̀ni fi padà dé Ifẹ̀, torí bàbá kò sí nílé. Ọọ̀ni ka orúkọ àwọn ọba tó lẹ́tọ̀ọ́ sí adé, 21 ni wọ́n. Ẹlẹ́pẹ́ kò sí nínú wọn. Àkójọ orúkọ yìí ti ń ṣe àwọn òpìtàn láǹfààní láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú: ọ̀rọ̀ adé di ohun tí ìjọba ń jókòó lé lórí, tí akọ̀wé ń kọ sínú gàsẹ́ẹ̀tì. Ọọ̀ni ló sọ̀rọ̀, àmọ́ gómìnà ló pè é.

Àwọn òyìnbó náà ní àkòró tiwọn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa fi yé wọn kíákíá. Díúkù ní ewé sitọ́bẹ́rì mẹ́jọ lórí adé kékeré tirẹ̀. Bárọ̀nì, tó kéré jù láàárín wọn, ní róbótó fàdákà mẹ́fà péré, kò sì ní ewé kankan. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé adé lé ọba wọn lórí ni gbogbo wọn ń dé e, lẹ́ẹ̀kan náà, ní kété tí adé bá ti kan orí ọba. Nígbà tí wọ́n gbé adé lé Charles lórí ní oṣù karùn-ún 2023, wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn díúkù àti bárọ̀nì dé e. N kò gbọ́ pé bárọ̀nì kan lọ bẹ gómìnà pé kó fi ewé mẹ́jọ kún tòun.

Ní tiwa, a ti bẹ gómìnà títí. Ìbàdàn ni kí n mú ṣàpẹẹrẹ, torí ìlú tí mo fẹ́ràn ni. Ìlú jagunjagun ni, kò bá adé wáyé. Baálẹ̀ ló ń ṣe olórí rẹ̀ títí di 1936 tí oyè náà fi di Olúbàdàn. Ogójì ọdún tún kọjá kí ìjọba ológun tó fọwọ́ sí i ní 1976 pé kí Olúbàdàn dé adé onílẹ̀kẹ̀. Fún gbogbo àkókò tí wọn ò dé e, ta ló fojú di Ìbàdàn? Oyè ibẹ̀, àkàbà ni. Ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́gàjí, á máa gùn ún lọ ní ìpele ìpele, bóyá ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun, títí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí àkàbà fi parí. Ìjà tí àwọn ọmọ ọba ń bá ara wọn jà nítorí ipò níbòmíràn, Ìbàdàn kò ní irú rẹ̀.

Ní 27 oṣù kẹjọ 2017, ní gbọ̀ngàn Mápó, Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi sọ ìjòyè àgbà àti baálẹ̀ 21 di ọba lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ padà lọ wo iye tí Ọọ̀ni kà ní 1903 fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Olúbàdàn Sàlíù Adétúnjí kò fọwọ́ sí i. Olóyè Rashidi Ládọjà, tó ti ṣe gómìnà rí, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì fagi lé e ní oṣù kìíní 2018. Àríyànjiyàn ò tán síbẹ̀, ilé ẹjọ́ kan sí òmíràn, òfin kan sí òmíràn. Ní oṣù keje 2023, Olúbàdàn Lekan Balógun fúnra rẹ̀ gbé adé lé àwọn ìjòyè àgbà rẹ̀ lórí ní Mápó. Ládọjà kò lọ. Nígbà tó yá, òun náà gbà, ní 2025 ó sì di Olúbàdàn. N kò dá a lẹ́bi pé ó gbà. Àmọ́ ìgbà tó kọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí, nítorí ohun kan tó yé mi nínú àtakò rẹ̀ ni pé bí gbogbo ẹni tó wà lórí àkàbà bá dé adé, kí ni ẹni tó dé òkè pátápátá gùn lọ bá?

Abúlé bàbá ìyá mi náà ti ní Kábíyèsí báyìí. Ìbòjú adé tuntun náà gùn débi pé wọ́n ní láti di Kábíyèsí lápá mú sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn ilé àpéjọ. Ọ̀nà abúlé ò tíì lọ́dà.

Ọkùnrin kan tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fi bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí hàn mí. Nígbà àtijọ́, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ hun egungun adé bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n rì sínú sítáàsì bò ó, á gbẹ kankan. Aṣọ sítáàsì náà ni wọ́n fi ń mọ imú, ojú àti ẹyẹ kó tó di pé wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ lé e. Ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú abọ́ tánganran níwájú rẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú abọ́ tirẹ̀. Á fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ṣa ìlẹ̀kẹ̀ jọ láìwò ó, ọ̀wọ́ kan tó bá ti tó ìwọ̀n ìka, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, á fi òwú mìíràn gbá a mú láàárín, á tún ṣa òmíràn. Páálí ló ń lò báyìí dípò igi, gọ́ọ̀mù ló sì fi ń lẹ ibi tí kò hàn. Mo bi í bóyá wọ́n ṣì ń gbé àkòró wá fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, àkòró kẹ̀? Ti àwọn olùṣe fíìmù ni mò ń rí. Àti ti àwọn tó ń ṣọjọ́ ìbí."

Ọjọ́ ìbí! Ó fi àwòrán hàn mí lórí fóònù rẹ̀: ọ̀gbẹ́ni kan tó pé àádọ́ta ọdún, adé oníbòjú lórí, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, kéèkì níwájú. Ẹ jẹ́ kí n má sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ohun kan tí ó sọ wù mí: nínú àwọn àkòró àtijọ́ tí wọ́n gbé wá tún ṣe lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n ṣe bíi wíìgì lọ́yà, tòun ti ìdìpọ̀ irun rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Irú rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun pẹ̀lú. Ọba tó ní kí wọ́n ṣe é rí adájọ́ òyìnbó tó ń fi irun ẹlòmíràn ṣèdájọ́, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe èyí tó jù ú lọ. Adé ńlá ò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ wúwo jù, oògùn ni, ọba pàápàá ò gbọ́dọ̀ wo inú rẹ̀. Àkòró ló ní ààyè fún ẹ̀rín, fún àṣà tuntun, fún ọgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ṣe é.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà àti Bùràsíìlì rí adé lọ́nà mìíràn. Ọba tó lè fi adé jẹ wọ́n kò bá wọn wọ ọkọ̀. Ní Kúbà, ẹni tó bá ṣe òrìṣà, wọ́n ní wọ́n gbé adé lé e lórí. Ní ọjọ́ kejì, tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ àárín, wọ́n á wọ ẹni náà, tí wọ́n ń pè ní ìyàwó òrìṣà, ní aṣọ olówó iyebíye, wọ́n á dé e ládé, wọ́n á mú un jókòó sábẹ́ aṣọ tí wọ́n ta bí ìtẹ́, kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá fi orí balẹ̀ fún òrìṣà orí rẹ̀. Ẹni náà lè jẹ́ alágbàfọ̀, ó lè jẹ́ birikilà. Ní Bahia, bí Ọ̀ṣun tàbí Yemọja bá gun ẹlẹ́gùn, adé onírin dídán ni wọ́n ń dé, ìlẹ̀kẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀ bo ojú. Ibẹ̀ ni ìbòjú ti yé mi jù. Òrìṣà ló wà lábẹ́ rẹ̀, ojú alágbàfọ̀ ló yẹ kó pamọ́. Bí òrìṣà bá lọ tán, wọ́n á ṣí adé, obìnrin náà á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ lórí pé òun ń fẹ́ ipò àkọ́kọ́.

Ohun tí ìbòjú wà fún nílé náà nìyẹn. Ọba tó dé adé ńlá ti kúrò ní lágbájá ọmọ tàmẹ̀dù, igbákejì òrìṣà ló jókòó síbẹ̀, ìdí tí a ò fi gbọ́dọ̀ rí ojú rẹ̀ nìyẹn. Baálẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ oko ẹnikejì, kó mọ ilé tí ọkọ àti aya ti ń jà, kó wo àwọn méjèèjì lójú, kí àwọn náà wo ojú tirẹ̀. Bí ẹ bá ta aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ sáàárín wọn, ta ni yóò parí ìjà náà?

Ẹ̀yin gómìnà wa, bí ẹ bá fẹ́ bu ọlá fún baálẹ̀ lóòótọ́, ẹ san owó oṣù rẹ̀ nígbà tó yẹ, ẹ fọ̀dà sí ọ̀nà abúlé rẹ̀, kí ẹ sì fi àkòró rẹ̀ sílẹ̀ fún un.